Judi Dench: láti 1957 títí dòní, kí ló gbé obìnrin yìí ró lẹ́nu iṣẹ́ eré?

Àbẹ̀kẹ́_Tíátà:
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí lánàá pé Judi Dench, "ìyá àgbà inú James Bond yẹn", ti ń darúgbó lọ, pé ó ti ṣíwọ́, pé kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn mọ́ mi rárá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n láti inú James Bond nìkan ò tíì mọ nǹkan kan nípa obìnrin yìí.

Ẹ wò ó. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1934 ni wọ́n bí i ní Heworth, ní ìlú York, lókè àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1957 ló kọ́kọ́ gorí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí òṣèré tó ń gbowó, ó ṣe Ophelia nínú Hamlet pẹ̀lú ẹgbẹ́ Old Vic, tíátà ńlá kan ní London, Liverpool ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré náà kí wọ́n tó gbé e wá sí London. Fíìmù Belfast jáde ní 2021, òun ni ìyá àgbà inú rẹ̀, wọ́n sì tún tìtorí ẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún Oscar, ìkẹjọ rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n ń dárúkọ ẹ̀. Láti 1957 sí 2021, ó lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ kan náà, kò sì sí ọdún tó pọ̀ nínú wọn tí kò ní eré tó ń ṣe.

Tèmi ni pé sítéèjì ló mọ ọ́n, fíìmù kàn wá bá a níbi tó ti tó tán ni. Kí lẹ̀yin rí sí i?

Káyọ̀dé007:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò bá yín jà lórí sítéèjì, àmọ́ ẹ má fojú kéré Bond fún wa jọ̀ọ́. Kí ó tó dé, ọkùnrin ló ń ṣe M, ọ̀gá àwọn amí, láti ayé Sean Connery. GoldenEye ní 1995 ni obìnrin kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún sì ni ìyá yìí nígbà yẹn. Ẹ lọ wo ibi tí òun àti Pierce Brosnan ti kọ́kọ́ jọ dá wà nínú ọ́fíìsì ẹ̀. Bond ń wá cognac tí ọ̀gá àtijọ́ máa ń fi síbẹ̀, ìyá yìí ní bourbon lòun fẹ́ràn ní tòun, ó bu ọtí fún un, ó bi í bóyá ó fẹ́ yìnyín, lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ sí i lójú pé ẹni tí kì í ka obìnrin sí ni, pé ayé ti fi í sílẹ̀ látìgbà tí ogun tútù (Cold War) ti parí. Kò pariwo o! Ohùn ẹ̀ ò gbéra sókè rárá. Nígbà tí Bond fẹ́ jáde, ó kàn ní kó padà wá láàyè, ìgbà yẹn lẹ máa wá mọ̀ pé ó fẹ́ràn ọmọ yẹn.

Fíìmù méje ló fi jẹ́ M gangan, títí dé Skyfall ní 2012 níbi tó ti kú sí, wọ́n sì tún fi í hàn ráńpẹ́ nínú fídíò kan nínú Spectre. Nígbà tí Daniel Craig wá di Bond, wọ́n yọ Q tó ń ṣe ohun ìjà fún un, wọ́n yọ Moneypenny akọ̀wé M, wọn ò yọ òun. Ẹ jẹ́ ká fún Bond ní tiẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_York:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi. Ìlú tí wọ́n ti bí i yìí ni mò ń gbé tí mo sì ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tí àwọn ará ibí mọ̀.

Ilé tíátà ni wọ́n bí i sí láìjẹ́ pé òṣèré ni wọ́n. Dókítà ni bàbá ẹ̀, òun ló ń tọ́jú àwọn òṣèré ní tíátà ìlú, ìyá ẹ̀ tó jẹ́ ará Dublin ló sì ń bójú tó aṣọ eré níbẹ̀. Àwọn òṣèré tó bá wá ṣeré ní York, ilé wọn ni wọ́n máa ń dé sí. Ẹ wá ro ọmọdébìnrin tó ń jẹun alẹ́ pẹ̀lú irú àwọn bẹ́ẹ̀.

York ní eré kan tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ń ṣe láyé àtijọ́, ìtàn Bíbélì láti ìgbà tí Ọlọ́run dá ayé títí dé ọjọ́ ìdájọ́, kí wọ́n tó dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 1951 ni wọ́n jí i dìde nínú ọgbà Museum Gardens, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù ilé àwọn mọ́ńkì. Ọmọ ilé ìwé ni Judi nígbà yẹn, ó wà níbẹ̀, ó tún wà níbẹ̀ ní 1954, ní 1957 sì ni wọ́n fún un ní Màríà, ìyá Jésù. Gbangba ìta ni wọ́n ti ń ṣe é o, kò sí òrùlé, òjò York kì í sì í bèèrè bóyá èèyàn ń ṣeré. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ àwókù yẹn kọjá, mo sì máa ń rò ó pé ohùn tó bá lè dé etí ẹni tó wà lẹ́yìn nínú ọgbà yẹn, kò sí gbọ̀ngán tó máa bà á lẹ́rù mọ́.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: kò fẹ́ ṣe òṣèré níbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ló lọ kọ́, ó fẹ́ máa ya àwòrán ibi ìtàgé. Ó wá lọ wo King Lear ní Stratford, ìlú tí wọ́n ti bí Shakespeare, ní 1953, ó rí bí wọ́n ṣe ṣètò ìtàgé yẹn, ohun kan ṣoṣo tó ń di oríṣiríṣi ibi, ó ní òun ò lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyé òun. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Jeffery ti wà nílé ìwé eré Central School ní London, ló bá tẹ̀lé e lọ síbẹ̀. Vanessa Redgrave wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ẹ̀.

Ṣadé_Fíìmù:
Gbogbo ẹ̀ dára, mo sì fẹ́ràn ìyá náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lórí Oscar tó gbà ní 1999. Ìṣẹ́jú bí mẹ́jọ péré ló fi hàn nínú Shakespeare in Love! Ìṣẹ́jú mẹ́jọ! Lynn Redgrave wà lára àwọn tí wọ́n jọ dárúkọ lọ́dún yẹn, Kathy Bates wà níbẹ̀, Brenda Blethyn wà níbẹ̀, Rachel Griffiths náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́ gidi gan-an nínú fíìmù tiwọn. Òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ lórí pèpéle níjọ́ náà pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ lòun ṣe, pé díẹ̀ lára ère náà ló yẹ kí wọ́n fún òun. Ẹni tó gbà á pàápàá mọ̀ o.

Àbẹ̀kẹ́_Tíátà:
Ṣadé mi, mo mọ̀ pé wàá gbé èyí wá, mo ti ń retí ẹ.

Ṣé o ti wo ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn dáadáa? Queen Elizabeth àkọ́kọ́ ló ń ṣe. Nígbà tó fi máa dìde láàárín èrò nínú gbọ̀ngán eré níparí, tó sì sọ pé òun náà mọ bó ṣe rí kí obìnrin máa ṣiṣẹ́ tó jẹ́ ti ọkùnrin, gbogbo ìtàn fíìmù yẹn ló ti já jọ sọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá ń jáde lọ, ó kan ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn ìjòyè ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó yára tẹ́ aṣọ ẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó ní wọ́n ti pẹ́ jù, ó sì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gba inú omi kọjá. Ìgbà tó o wo fíìmù yẹn tán, ta lo rántí? Òun ni.

Ẹni tó bá ti ń gbé eré wákàtí mẹ́ta lálaalẹ́ láti 1957, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti pọ̀ fún un.

Ṣadé_Fíìmù:
Mo rántí ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwọn tó ń dìbò ń tọrọ àforíjì ni. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ fún Mrs Brown, ibi tó ti ṣe Queen Victoria tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ ẹ̀, òun ló sì ru fíìmù yẹn látòkè délẹ̀. Helen Hunt ni wọ́n gbé e fún. Ọdún kejì wọ́n wá ń wá ọ̀nà àtúnṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí?

Bàbá_Tíṣà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìjà Oscar yìí ò kàn mí tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí obìnrin yìí ti wá sílẹ̀ wa rí.

Ọdún 1963 ni. Ẹgbẹ́ eré Nottingham Playhouse ni British Council rán wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone. John Neville ló ṣe Macbeth, ọkùnrin kan náà tó ṣe Hamlet nígbà tí Judi kọ́kọ́ ṣe Ophelia. Judi ló ṣe Lady Macbeth, òun náà ló ṣe Viola nínú Twelfth Night. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tó ń pè é ní Dame, oyè ọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ ohun tí Shakespeare jẹ́ fún wa nígbà yẹn. Ìwé ìdánwò ni. Ọmọ tó fẹ́ gba sátífíkéètì gbọ́dọ̀ há a sórí, tíṣà á ka ìlà kan, gbogbo kíláàsì á parí èyí tó kù. Irú àwọn èèyàn tó wá jókòó síwájú wọn nìyẹn: àwọn tó mọ̀wé náà lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣeré lè jẹ́rìí sí i pé kò sí awòran tó le bí èyí tó mọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí òṣèré tó sọ ọ́. Tó o bá fo ìlà kan, wọn á gbọ́. Mo gbà pé irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́ òṣèré lẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé ò ní.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe Ophelia dé London ní 1957, àwọn alámèyítọ́ inú ìwé ìròyìn nà án ní pàṣán ọ̀rọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, wọ́n gbé ipò ńlá fún un ní Old Vic, ó bí àwọn kan nínú. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n gba Ophelia lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sá lọ o. Ipò kékeré tí wọ́n fún un ló ṣe, ó dúró sí Old Vic títí di 1961, ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Láàárín ìgbà náà, ní 1960, ni Franco Zeffirelli, olùdarí eré ará Ítálì, wá fi í ṣe Juliet nínú Romeo and Juliet, ìyẹn ló sì yí ojú àwọn èèyàn padà sí i. Tí ẹ bá ní kí ló gbé e ró, ọdún mẹ́rin yẹn lèmi máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Káyọ̀dé007:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an sà. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún wa rí. Judi Dench ní Nàìjíríà ní 1963, ọdún tí a di rìpọ́blìkì! Ṣé kò sí fídíò ẹ̀ níbì kankan sà?

Bàbá_Tíṣà:
Káyọ̀dé, eré orí ìtàgé ni, bó bá tán ó tán. Àmọ́ ó padà ṣe Lady Macbeth nígbà tó dàgbà sí i, wọ́n sì ká ìyẹn sílẹ̀. Màá padà wá sórí ẹ̀, ẹ jẹ́ n jẹun ná.

Àbẹ̀kẹ́_Tíátà:
Ẹ jẹun re sà.

Káyọ̀dé, ìwọ tó o ní kí n fún Bond ní tiẹ̀, gbọ́ ohun tí fíìmù ṣe fún un níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń yan òṣèré fún fíìmù, ọkùnrin yẹn wò ó dáadáa, ó ní gbogbo nǹkan tó wà lójú ẹ̀ ni kò dáa fún kámẹ́rà. Sójú ọmọ ọlọ́mọ! Ó ṣe fíìmù díẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969 lóòótọ́, BAFTA tiẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ òṣèré tuntun fún Four in the Morning, àmọ́ ó ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé fíìmù kì í ṣe tòun. Ó padà sórí ìtàgé.

Wò ó bó ṣe lò ó níbẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé eré olórin Cabaret wá sí London, wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe Sally Bowles, akọrin inú ẹ̀. Ohùn hàn-ùn hàn-ùn tó dà bíi pé ọ̀fìnkìn ń ṣe é ló ní, kò sí ẹni tó ka ara ẹ̀ sí olórin tó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì í débi pé ẹ̀gbẹ́ ìtàgé níbi tí wọn ò ti ní rí i ló dúró sí kọrin fún wọn. Wọ́n gbé e fún un. Ọdún tó tẹ̀ lé e ó wà ní Stratford, Hermione tó jẹ́ ìyá àti Perdita tó jẹ́ ọmọ nínú The Winter's Tale, òun nìkan ló ṣe méjèèjì. Ọdún 1976, Lady Macbeth tó ń pààyàn àti Beatrice tó ń pani lẹ́rìn-ín nínú Much Ado, ọdún kan náà, ẹgbẹ́ kan náà. Ọdún 1981 ló yẹ kó wà nínú eré olórin Cats, iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ já níbi ìgbáradì, Elaine Paige ló gba ipò náà. Ẹni mìíràn á fi oṣù mẹ́fà káàánú ara ẹ̀. Ọdún yẹn náà ni òun àti ọkọ ẹ̀ Michael Williams bẹ̀rẹ̀ A Fine Romance lórí tẹlifíṣọ̀n, eré apanilẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá mọ̀ ọ́n.

Ní 1987 ó ṣe Cleopatra ní National Theatre pẹ̀lú Anthony Hopkins, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó kúrú, òun fúnra ẹ̀ sì ń bi Peter Hall tó darí eré náà bóyá ó dá a lójú pé òun ló fẹ́. Ní 1996, Olivier, àmì ẹ̀yẹ ńlá eré orí ìtàgé ní London, méjì ló gbà lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan fún eré lásán, ọ̀kan fún eré olórin. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tán kí Mrs Brown tó jáde ní 1997. Ẹni ọdún 62 ni. Ìgbà yẹn ni Hollywood wá rí i! Ojú tí wọ́n ní kò dáa yẹn náà ni wọ́n ń sún kámẹ́rà mọ́ báyìí.

Tóyọ̀sí_Ìlọrin:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n já síi. Ojú ń dun màmá mi, àárín ojú ni kò ríran mọ́, ẹ̀gbẹ́ ṣì ń ríran díẹ̀díẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé àìsàn kan náà tó ń ṣe Judi Dench ni. Ṣé òótọ́ ni pé kò lè kàwé mọ́ tó sì ṣì ń ṣe eré? Báwo ló ṣe ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sì_York:
Pẹ̀lẹ́ o Tóyọ̀sí, Ọlọ́run á wo Màmá sàn. Òótọ́ ni. Àárín awọ tó wà lẹ́yìn ojú ló ń bàjẹ́, ọjọ́ orí ló sábà máa ń fà á, ibẹ̀ gan-an la fi ń kàwé tí a fi ń mọ ojú èèyàn. Ìyá Judi náà ní in. Ọdún 2012 lòun jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé ó ń ṣe òun. Látìgbà yẹn, kò lè ka ìwé eré mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ ló ń wá kà á fún un, wọ́n á kà á, wọ́n á tún un kà, títí tó fi máa wọ orí ẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn tó fi ṣe Paulina nínú The Winter's Tale ní London ní 2015, eré kan náà tó ti ṣe ìyá àti ọmọ rí lọ́jọ́sí. Ó tún gba Olivier lórí ẹ̀. Ó ti ń sọ láìpẹ́ yìí pé òun ò ríran tó láti wà níwájú kámẹ́rà mọ́, ìyẹn ni ẹni àná ń pè ní ṣíṣíwọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tí Màmá ò bá tíì rí dókítà ojú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gbé wọn lọ, nítorí ó ní èyí tí wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ dá dúró, ó sì ní èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́.

Akínkúnmi_Ìjálá:
Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ yìí ló mú mi kọ̀wé. Ilé Ifá ni wọ́n ti tọ́ mi. Bàbá mi àgbà ò mọ lẹ́tà kankan, ẹsẹ Ifá tó wà lórí wọn kò sí ìwé tó lè gbà á tán. Wọ́n á pe gbólóhùn kan, akẹ́kọ̀ọ́ á gbè é, wọ́n á tún un pè, bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dá ọ dúró. Ẹni tó bá fi etí kọ́ ọ̀rọ̀, ohùn ni ọ̀rọ̀ náà fi ń gbé inú ẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ìyá yìí ò pàdánù Shakespeare nígbà tí ojú lọ.

Ẹ wo fídíò ìgbà tó wà lórí ètò Graham Norton ní 2023. Wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní kó sọ díẹ̀ nínú Shakespeare. Kò gbé ìwé, kò dìde, ibi tó jókòó sí náà ló ti sọ ewì kan látòkè délẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Sonnet 29, ti ẹni tí ayé ti pa tì tó wá rántí olólùfẹ́ ẹ̀. Ilé yẹn dákẹ́ wẹ́lo. Arnold Schwarzenegger jókòó síbẹ̀, òun náà dákẹ́. Mi ò gbọ́ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ tán, àmọ́ mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Tóyọ̀sí_Ìlọrin:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún Màmá, wọ́n ní kí n kí Nọ́ọ̀sì. Wọ́n tún ń béèrè pé ṣé ó lọ́kọ.

Nọ́ọ̀sì_York:
Ẹ bá mi kí wọn padà o. Ó lọ́kọ, ọkọ rere sì ni. Michael Williams, òṣèré bíi tiẹ̀. Wọ́n fẹ́ ara wọn ní 1971, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Finty, òun náà ń ṣe eré. Nígbà tí ọkọ náà kọ́kọ́ ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Australia ni wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń ṣeré kiri, oòrùn ń ràn, ibi gbogbo rẹwà, ó ní rárá, ibí yìí ti dára jù, kó padà wá béèrè lọ́wọ́ òun ní Battersea lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Ọkọ yẹn máa ń fún un ní òdòdó rósì pupa kan ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní oṣù Kíní ọdún 2001. Ẹ wo iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe lọ́dún yẹn: The Shipping News, Iris, The Importance of Being Earnest, fíìmù mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn kan rò pé kò fẹ́ sunkún ọkọ ẹ̀ ni. Ó ní ìbànújẹ́ máa ń fún èèyàn lágbára ńlá kan, pé òun gbọ́dọ̀ lo agbára náà síbì kan. Mo ti dúró ti ọ̀pọ̀ opó lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ó tún máa ń gbin igi sọ́gbà ẹ̀ ní Surrey fún àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí tó bá ti kú. BBC ṣe fíìmù lórí igi wọ̀nyẹn ní 2017. Maggie Smith, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti ayé Old Vic, ọdún kan náà, oṣù kan náà ni wọ́n bí wọn, ó kú ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Ó dùn mí fún un lọ́jọ́ náà bíi pé mo mọ̀ ọ́n.

Ṣadé_Fíìmù:
Iris yẹn! Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ọpọlọ ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló ṣe. Ojú ẹ̀ nínú fíìmù yẹn, ibi tó ti jókòó wo tẹlifíṣọ̀n ọmọdé, tí kò sí ohun tó ń lọ lẹ́yìn ojú náà mọ́. Kò ṣe àṣejù kankan. Òṣèré tí kò lè ṣe jẹ́ẹ́ máa ń ba irú ipò bẹ́ẹ̀ jẹ́, á máa gbọ̀n, á máa ṣe ẹnu wọ́. Ibi tí mo ti bá Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ wí díẹ̀ nìyí: sítéèjì kọ́ ló kọ́ ọ nìyẹn. Kámẹ́rà ló ń gba irú ìyẹn. Ó kọ́ iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn tó pé ọgọ́ta ọdún, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù nípa ẹ̀.

Bàbá_Tíṣà:
Mo ti jẹun tán. Ṣadé, ọ̀rọ̀ rẹ yẹn lágbára, àmọ́ gbọ́ èyí kó o tó pinnu.

Macbeth ti 1976 tí mo ní màá sọ. Ilé páànù kékeré kan wà ní Stratford tí wọ́n ń pè ní The Other Place, ibẹ̀ ni Trevor Nunn ti darí ẹ̀, Ian McKellen ni Macbeth. Kò sí ààfin, kò sí aṣọ ọba tó ń dán, òbìrí kan ni wọ́n fà sílẹ̀, àwọn òṣèré jókòó sórí àpótí yí i ká, ẹni tó kàn á dìde wọ inú ẹ̀. Awòran sún mọ́ wọn débi pé tí òṣèré bá mí, wọ́n gbọ́. Níbẹ̀ lo ti máa mọ̀ pé kì í ṣe kámẹ́rà ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní jẹ́jẹ́. Wọ́n ká eré náà fún tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbé e jáde ní 1979, kò sí ohun tí wọ́n fi kún un ju kámẹ́rà tó sún mọ́ wọn lọ.

Ẹ wo ibi tó ti ń rìn lójú oorun. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó fi gèlè dúdú di orí pinpin, ojú nìkan lo máa rí àti ọwọ́ méjèèjì. Ó gbé iná wá, ó gbé e kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ tí kò sí nǹkan lára ẹ̀, ó ń gbóòórùn ẹ̀. Igbe kan wà níbẹ̀ tí Shakespeare kọ sínú ìwé ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, Ó, Ó, Ó. Ọ̀pọ̀ òṣèré máa ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí fà á jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó bẹ̀rẹ̀ bí ìmí ẹ̀dùn lásán, ó ń lọ, ó ń ga, kò dáwọ́ dúró níbi tó o rò pé ó yẹ kó dáwọ́ dúró, ó ń bá a lọ títí gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ fi tán. Mo máa ń fi í han àwọn ọmọ kíláàsì mi lórí fídíò, àwọn tó ń ṣeré lẹ́yìn á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tó máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé.

Káyọ̀dé007:
Sà, mo ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ń wò ó lọ báyìí. Kí ni kí n wò tẹ̀ lé e?

Àbẹ̀kẹ́_Tíátà:
Wo Mrs Brown lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́yìn náà Notes on a Scandal ti 2006, ibi tó ti ṣe tíṣà tó dá nìkan wà tí ọkàn ẹ̀ ti dìbàjẹ́. Má fi ọmọdé tì í o. Philomena ti 2013 náà wà, ìtàn ìyá tó ń wá ọmọ tí àwọn obìnrin ìjọ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Ireland, wá aṣọ ìnujú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Tó o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, As Time Goes By pẹ̀lú Geoffrey Palmer, 1992 sí 2005 ni wọ́n fi ṣe é.

Ṣadé_Fíìmù:
Bàbá, mo gbà fún yín lórí ilé páànù yẹn. Lórí Oscar, mi ò kúrò níbi tí mo wà. 1998 ni wọn ìbá ti fún un, fún Mrs Brown, kí wọ́n sì jẹ́ kí Lynn Redgrave mú ti 1999 lọ.

Àbẹ̀kẹ́_Tíátà:
Èyí tó o sọ nípa 1998 yẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ gbágbágbá. Ti Lynn Redgrave, ó di ọ̀la ká tó parí ẹ̀.